Gbúre kì í kú sójú ọkọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ ní gbúre ti bo ebè tẹ̀tẹ̀ yín ní Lugbe l'Ábújá, ẹ ro ó lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan, ó tún padà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ti ṣe èmi náà rí. Ọkọ́ yín gan-an ló ń bá yín gbìn ín.

Ẹ̀yìnkùlé tèmi ní Kubwa, l'Ábújá kan náà, ò ju yàrá méjì lọ. Lọ́dún 2019, nínú oṣù kẹfà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan, mo fi ọkọ́ gé gbúre wéléwélé, mo tẹ́ ẹ sínú poro kí oòrùn pa á. Òjò rọ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè. Nígbà tó máa tó ọjọ́ mẹ́jọ, mo ṣa ọ̀kan wò. Igi tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí kò ní gbòǹgbò kankan nígbà tí mo jù ú sílẹ̀, ti yọ gbòǹgbò funfun bí òwú níbi tó ti kan ilẹ̀, ewé tuntun méjì sì wà lórí ẹ̀. Èyí tí mo gé sí mẹ́ta, mẹ́ta ló hù. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Tèmi tẹ́ lọ́dún yẹn.

Omi ló kún inú igi ẹ̀, kì í tètè gbẹ. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀, kí ilẹ̀ dẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ fà á tìdítìdí. Bí gbòǹgbò bá já sílẹ̀, á tún rú. Inú àpò sìmẹ́ǹtì ni mo ń kó èyí tí mo bá fà sí, kò gbọdọ̀ sùn sórí ilẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣáájú òdòdó píńkì kékeré yẹn, torí tó bá wọ̀ tán, èso dúdú wínníwínní ló máa tú sílẹ̀, ẹ ó sì máa ro ó títí.

Mi ò lé e tán o, a fẹ́ràn ẹ̀. Mo to búlọ́ọ̀kù yí ìdí táǹkì omi ká, ibẹ̀ ni mo ki igi ẹ̀ bọlẹ̀ sí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Mo máa ń fi ìka mẹ́rin sílẹ̀ nídìí, ọ̀sẹ̀ méjì ló tún fi ń kún. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń là, omi tí mo fi ṣan ìrẹsì ni mo ń dà sí i. Ti orí ebè á dà bíi pé ó ti kú nígbà yẹn. Irọ́ ni, gbòǹgbò ẹ̀ ń retí òjò oṣù kẹrin.

Ẹ má bu omi sí ọbẹ̀ ẹ̀ o. Àkọ́kọ́ tí mo sè, ọkọ mi bi mí pé ṣé òun á fi wẹ̀ ni. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fún un dáadáa, kó wá wọ ẹ̀gúsí kẹ́yìn. Ẹ da omi tẹ́ ẹ fi bọ̀ ọ́ nù, torí oxalate, èròjà tó lè di òkúta nínú kíndìnrín, pọ̀ nínú gbúre. Ẹni tó bá ti ní òkúta inú kíndìnrín rí, kó bi dókítà ẹ̀ kó tó máa jẹ ẹ́ déédéé.

Igi tẹ́ ẹ máa gbìn sọ́tọ̀, ẹ má rà á. Ẹ ṣà á nínú èyí tẹ́ ẹ bá fà lọ́la.