Báàgì tí omi kò lè wọ̀ kọ́ ni kámẹ́rà rẹ nílò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ayafọ́tò ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìnáwó ìgbéyàwó ni mo sì ń yà jù. Canon 5D Mark IV ni kámẹ́rà mi, mo ní lẹ́ńsì 24-70 àti 70-200, fíláàṣì kan àti láptọ́ọ̀pù. Bí ìnáwó bá jẹ́ ti Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, mo máa ń sùn síbẹ̀, nítorí náà mo ń wá báàgì ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí yóò gba irinṣẹ́ mi, aṣọ ìpààrọ̀, táwẹ̀lì, oúnjẹ àti omi. Ẹnì kan ní ọjà fi ọ̀kan hàn mí, ó ní omi kò lè wọ̀ ọ́ láéláé, pé mo lè kó gbogbo ẹrù mi pọ̀ sínú rẹ̀, kí n sì máa fi kámẹ́rà pamọ́ síbẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì sanwó. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni irú ìbéèrè yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kámẹ́rà ṣe, ibi kan náà sì ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: pé òjò ni ọ̀tá kámẹ́rà, àti pé bí a bá ti rí báàgì tí òjò kò lè wọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà. Nínú àwọn lẹ́ńsì tí ọ̀rinrin bà jẹ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi, èyí tí òjò pa kò pọ̀. Èyí tí ó pọ̀ ni èyí tí omi bá nínú báàgì, omi tí oníkámẹ́rà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó síbẹ̀: táwẹ̀lì tí kò gbẹ, ṣẹ́ẹ̀tì tí òógùn ti rin gbingbin, omi inú ọ̀rá tí ó bẹ́, kúlà oúnjẹ tí ooru rẹ̀ ń jáde. Kí o tó béèrè bóyá omi lè gba ìta wọ báàgì náà, béèrè bóyá ẹrù tí o fẹ́ kó sínú rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà.

Ọ̀rọ̀ "omi kò lè wọ̀ ọ́" yìí ti di ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ láti fi tajà, ó sì ń bí mi nínú, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó owó jọ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Náílọ́ọ̀nù tàbí pọ̀lísítà ni wọ́n fi ń rán ọ̀pọ̀ báàgì kámẹ́rà, wọn a sì fi ohun kan tí ó dà bí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń pè ní polyurethane, ra inú aṣọ náà. Lóòótọ́ ni omi kì í tètè kọjá lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rán an, gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá sì ti gbà kọjá, ihò ni. Bí wọn kò bá lẹ nǹkan bo ojú rírán náà láti inú, omi yóò máa gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Síìpù náà ńkọ́? Eyín rẹ̀ kì í pa dé débi tí omi kò fi ní ráyè, àfi irú síìpù pàtàkì kan tí ó wọ́n, tí ó sì máa ń le láti fà. Ẹni tí ó bá ti yẹ inú báàgì àtijọ́ wò yóò sì ti rí i pé rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn máa ń bó bí èèpo àlùbọ́sà bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò. Lẹ́tà IPX ni a fi ń kọ ọ́, nọ́ńbà a sì tẹ̀ lé e. IPX4 túmọ̀ sí pé wọ́n ta omi sí nǹkan náà láti ìhà gbogbo, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. IPX7 túmọ̀ sí pé wọ́n rì í sínú omi tí ó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30, ó sì yè. Ní kí oníṣòwò náà fi nọ́ńbà tirẹ̀ hàn ọ́ lára báàgì tàbí nínú ìwé tí ó bá a wá. Bí kò bá sí nọ́ńbà, báàgì tí omi kì í tètè wọ̀ ni ó ń tà fún ọ. Ìyẹn kò burú rárá, ṣùgbọ́n kò yẹ kí o fi owó gọbọi rà á.

Wàyí o, jẹ́ kí a gbà pé òtítọ́ ni ó ń sọ. Ìyẹn ni ó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé báàgì tí omi kò lè wọ̀, omi kò lè jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ro ọjọ́ kan wò. O sùn sí Ìbàdàn, o wẹ̀ ní òwúrọ̀, o ká táwẹ̀lì tí kò tíì gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, o fa síìpù dé, o sì wọ ọkọ̀. Báàgì wà nínú búùtù títí o fi dé Tákíe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ooru inú búùtù náà sì ń sọ omi ara táwẹ̀lì di oru, ìyẹn ni omi tí ó ti para dà di afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí. O délé, ó rẹ̀ ọ́, o gbé báàgì sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí ara nǹkan bá tutù, omi inú afẹ́fẹ́ yẹn ń wá ibi tí yóò bà lé, orí gíláàsì àti irin ni yóò sì bà lé. O ti rí ìgò míńírà tí a gbé jáde láti inú fíríìjì rí: kò pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi máa làágùn, bẹ́ẹ̀ ni ìgò náà kò jò. Bákan náà ni lẹ́ńsì rẹ ṣe ń làágùn nínú báàgì tí wọ́n tà fún ọ pé omi kò lè wọ̀.

Ohun tí ń tẹ̀ lé e ni fọ́ńgọ́ọ̀sì. Mọ̀lẹ́bí olú ni, òun náà sì ni ó máa ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá ti pẹ́ jù. Ó máa ń ta okùn funfun tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn sára gíláàsì inú lẹ́ńsì. Ohun mẹ́ta ni ó fẹ́ràn: òkùnkùn, ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́, àti ọ̀rinrin tí ó bá ti ń kọjá nǹkan bí ìdá 65 tàbí 70 nínú 100. Báàgì tí a fa síìpù rẹ̀ dé pẹ̀lú táwẹ̀lì tútù ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rinrin òwúrọ̀ ìgbà òjò nìkan ti máa ń ga ju ìyẹn lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi táwẹ̀lì kún un. Bí ó bá sì pẹ́ lára gíláàsì, ó ń tu oje kíkan kan sílẹ̀ tí ń jẹ ohun tí wọ́n fi ra ojú gíláàsì náà. Nígbà tí ó bá ti dé bẹ́ẹ̀, a lè nù ún kúrò, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò ní kúrò.

Má ṣe tẹ́tí sí ẹni tí ó bá ní kí o kó káńfọ̀ sínú báàgì. Kòkòrò ni káńfọ̀ ń lé, kì í fa omi. Má sì da ìrẹsì síbẹ̀, nítorí pé ìyẹ̀fun ara rẹ̀ yóò wọ ibi tí kò yẹ. Àwọn kóró inú ọ̀rá kékeré tí ń bá bàtà tuntun wá, tí a ń pè ní silica gel, ni ó ń fa ọ̀rinrin ní tòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà máa ń yó, bí ó bá sì ti yó, kò wúlò mọ́ àfi bí a bá fi ooru gbẹ ẹ́ tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kò lè borí táwẹ̀lì tútù. Jọ̀wọ́, má fi sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó o.

Báàgì tí mo fẹ́ kí o wá ni èyí tí ó ní yàrá méjì tí ilẹ̀kùn wọn yàtọ̀: ti ìsàlẹ̀ fún kámẹ́rà, ti òkè fún ẹrù ara rẹ. Ògiri tí ó pín wọn ni kí o yẹ̀ wò dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ báàgì, ege fóòmù kan lásán ni, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí eèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, àlàfo sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti ọwọ́ bọ yàrá òkè níṣojú ẹni tí ń tà á, kí o fi ìka wá ọ̀nà lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ìka rẹ bá kọjá, omi yóò kọjá. Aṣọ gbígbẹ, ìwé àti ṣájà lè wọ òkè. Omi mímu kò gbọdọ̀ wọ inú rárá. Inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le ni kí o rọ ọ́ sí, kí o fi í sí àpò ẹ̀gbẹ́ ìta, kí o sì fi omi inú ọ̀rá sílẹ̀ fún àwọn tí kò gbé kámẹ́rà. Ní ti oúnjẹ àti táwẹ̀lì tútù, mo mọ̀ pé báàgì kan ṣoṣo ni o béèrè, ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́: àpò kékeré mìíràn tí o ń fi ọwọ́ gbé ni ààyè wọn.

Bí o bá rí èyí tí yàrá kámẹ́rà rẹ̀ ń ṣí láti ẹ̀yìn, níbi tí ó ti kan ara rẹ, mú un. Kò sí ẹni tí yóò lè fa irú síìpù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ ní gáréèjì, bí o bá sì gbé báàgì dùbúlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ láti ṣí i, ìhà tí ó kan ẹ̀yìn rẹ kò ní dọ̀tí. Nítorí òjò orí ọ̀kadà, ìbòrí náílọ́ọ̀nù tí a ń fà bo báàgì tó. Ṣùgbọ́n sá a kí o tó ká a padà sí abẹ́ báàgì. Mo ti rí i tí ìbòrí tútù ṣe ohun tí òjò kò ṣe.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Kámẹ́rà rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 900, lẹ́ńsì 24-70 tí ó jẹ́ f/2.8 (irú tí ojú rẹ̀ ń ṣí gbòòrò fún ìmọ́lẹ̀) tó 800, 70-200 irú rẹ̀ sì sún mọ́ kílò 1 àbọ̀. Fi fíláàṣì, láptọ́ọ̀pù kílò 2 àti báàgì tí òun fúnra rẹ̀ lè tó kílò 2 kún un, o ti ń sún mọ́ kílò 8 kí o tó kó aṣọ kan sínú rẹ̀. Báàgì tí kò ní ìgbànú tí ó nípọn, tí ń gbé ẹrù kúrò ní èjìká lọ sí ìbàdí, kò yẹ fún ọ. Má sì fi lítà, ìyẹn iye ẹrù tí wọ́n kọ pé ó lè gbà, nìkan yan báàgì, nítorí pé fóòmù inú rẹ̀ ń jẹ ààyè. Kó irinṣẹ́ rẹ lọ sí ọjà, kí o tò ó sínú rẹ̀ níbẹ̀. Bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ní ìdérí, kí ó má sì bá kọ́kọ́rọ́ tàbí owó irin wà pọ̀, nítorí pé irin tí ó bá kan ojú rẹ̀ méjèèjì lè dá iná sílẹ̀.

N kò fi ojú rí báàgì tí wọ́n fi hàn ọ́, n kò sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún báàgì kankan. Èyíkéyìí tí o bá rà, má fi kámẹ́rà pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Kó irinṣẹ́ jáde, kí o ṣí báàgì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí o sì kó wọn sínú ike tí ó ní ìdérí pẹ̀lú silica gel tuntun àti aago kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin. Láàárín 40 sí 50 nínú 100 ni kí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ní alẹ́ òní, yọ lẹ́ńsì méjèèjì, kí o fi tọ́ọ̀ṣì tàn wọ́n láti ẹ̀yìn. Bí o bá rí okùn funfun nínú wọn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípírítì tàbí kẹrosíìnì kàn wọ́n. Gbé wọn lọ bá ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń tú lẹ́ńsì, kí ó tó di pé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà jẹ ojú gíláàsì.