Kí ló dé tí kámẹ́rà ò kúrò nídìí káńtà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwa mẹ́fà la máa ń wo sinimá ní yàrá ọ̀rẹ́ wa kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, "Tout va bien" la wò, fíìmù Faransé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ sọ́séèjì ti ọ̀gá wọn mọ́nú ọ́fíìsì. Ìyẹn dùn. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni wọ́n gbé wa lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà kàn ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹni méjì sùn lọ. Ṣé wọn ò lè gé e kúrù ni? A sì fẹ́ ya tiwa.
– Ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí àwọn tó sùn. Oorun ò lè kun èmi níbẹ̀, torí mo ti jókòó, irọ́ ni, mo ti dúró nídìí káńtà súpámákẹ́ẹ̀tì kan níbí fún ọdún méjì kí n tó di olùkọ́. Wọn kì í fún wa ní àga. Orí tábìlì máníjà ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ wà, wọ́n so ó mọ́ ìdérí agolo mílíìkì kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé ẹ̀ sápò. Wàá dúró níwájú ẹ̀, wàá ní "Ẹ jọ̀ọ́, sà," á kọ́kọ́ wo aago ọwọ́ ẹ̀ ná.

Ẹ ẹ̀ wá rí i pé ibi tí ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ̀gá sọ́séèjì yẹn ni mo ti rẹ́rìn-ín jù? Wọn ò jẹ́ kó rọ́nà lọ, bí òun náà ṣe ń ṣe wọ́n. Fèrèsé ló fọ́ nígbẹ̀yìn.

Jean-Luc Godard àti Jean-Pierre Gorin ló ṣe é ní 1972, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá tó mi ilẹ̀ Faransé tìtì ní oṣù May 1968. Ní ti súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ̀yìn àwọn kaṣíà ni kámẹ́rà ń gbà kọjá, láti káńtà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, á tún padà, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tún un wò, kí ẹ fetí sí ariwo àwọn ẹ̀rọ ìgbowó. Ọkùnrin ẹgbẹ́ òṣèlú tó ní òun ń gbèjà òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ tó ń ta ìwé ètò ẹgbẹ́ ní ẹ̀dínwó, bí ẹni ń ta tòmátì! Àwọn ọ̀dọ́ ya wọlé, wọ́n ń kígbe pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ọlọ́pàá ń fi kóńdó lù wọ́n, síbẹ̀ kámẹ́rà ò yára. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí nìyẹn. Èmi mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀.

Ní ti owó, ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀: ọwọ́ kan ń kọ sọ̀wédowó, ó ń fà á ya lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé láìsí gbajúmọ̀ òṣèré, kò sówó. Ìdí tí Jane Fonda fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Irú ìtàn yìí ò sì ṣàjèjì nílé wa: Hubert Ogunde, àgbà òṣèré tíátà, ti gbé ìyanṣẹ́lódì tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ṣe ní 1945 sórí ìtàgé fún wa nínú "Strike and Hunger," ìjọba amúnisìn sì fòfin dè é ní Jos.

Tiyín ò nílò gbajúmọ̀ kankan. Ẹ wá ọmọbìnrin kan tó ń dúró nídìí káńtà, kí ẹ bi í pé ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀. Ẹ má ya ojú ẹ̀ o, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.