Beèsì olókùn márùn-ún: ibo ni kí ọwọ́ mi dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ ọdún 19 ni mí, beèsì olókùn mẹ́rin ni mo ti ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra olókùn márùn-ún fún wa. Mo wá ń rí ohùn kan náà níbi méjì, mẹ́ta lọ́rùn gìtá, mi ò sì mọ èyí tí ǹ bá mú. Tí mo bá tún kan okùn tó nípọn jù yẹn, ńṣe ni gbogbo ilé á máa gbọ̀n, ohùn ò sì ní mọ́. Báwo lẹ ṣe ń yàn án?

Ìdáhùn: O káre tí o béèrè. Ọ̀pọ̀ rò pé torí ohùn ìsàlẹ̀ nìkan la ṣe fi okùn B, èyí tó nípọn jù yẹn, kún un. Lóòótọ́, ó fún wa ní ohùn márùn-ún sí i nísàlẹ̀ E, ohùn tó wà nísàlẹ̀ jù lórí olókùn mẹ́rin: E♭, D, C#, C àti B. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, èrè rẹ̀ tó pọ̀ jù ni pé ọwọ́ rẹ lè dúró sójú kan, kí orin máa wá bá a níbẹ̀.

Gbé ìka ìfábẹ̀lá sí fret 5 (fret ni àwọn àlàfo tí irin pín sí ọrùn gìtá), kí ọmọńdinrín bọ́ sí fret 8, ìka kan sí fret kan. Ká ní kíì F lẹ wà, ìyẹn ni pé F ni doh. Doh wà lókùn B, fret 6. Fah wà lókùn E, fret 6 kan náà. Soh wà ní fret 8 lórí okùn E yẹn. Lah wà lókùn A, fret 5. Ọwọ́ ò kúrò níbì kan. Kódà, doh dé doh òkè pátá wà lábẹ́ ìka mẹ́rin yẹn.

Wàyí o, ìwọ náà mọ àwọn tó ń lé orin nílé ìsìn wa: wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbé kíì sókè. Bó bá lọ sí G, fret méjì péré lo máa sún síwájú, gbogbo ìrìn ìka rẹ ò yí padà. Ẹni tó ń ta F tirẹ̀ ní fret 1 lókùn E, tó sì ń lo okùn D ní òfìfo (láìtẹ̀ ẹ́ níbì kankan) fún lah, ó di dandan kó tún ọ̀nà mìíràn wá. Fret 1 tún fẹ̀ fún ìka: lórí beèsì tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 34, ó tó sẹ̀ǹtímítà 4.8, fret 6 ò ju nǹkan bíi 3.6 lọ.

Ohùn náà yàtọ̀. E òfìfo ń dún gbọnrangandan, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀. E tó wà lókùn B, fret 5, ohùn rẹ̀ ki ju ìyẹn lọ, kì í sì í pẹ́ tó o. Èmi máa ń mú ti okùn B fún orin ìjọsìn tó rọra ń lọ. Òfìfo wúlò gan-an tí mo bá fẹ́ fò lọ sókè ọrùn gìtá: bí okùn ṣe ń dún lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ti débi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n má gun okùn B kọjá fret 9 láìnídìí. Ohùn ibẹ̀ máa ń ṣú.

Ní ti ilé tó ń gbọ̀n, okùn B tí o ò ta gan-an ni mo fura sí. Bí o ti ń ta àwọn yòókù, òun náà ń gbọ̀n lábẹ́lẹ̀. Fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún lé e, kó máa sinmi lórí rẹ̀ nígbàkígbà tí o bá wà lókùn mìíràn. Dánwò lónìí, kó o gbọ́ ìyàtọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, B òfìfo ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbóhùn ṣọ́ọ̀ṣì ò lè gbé e, àgbègbè yẹn náà sì ni ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù wà. Fi ohùn tó wà nísàlẹ̀ E sílẹ̀ di ìparí ègbè, kó o ta ọ̀kan ṣoṣo, kó o jẹ́ kó dún tán.

Bí okùn B bá ṣì ń ṣe jọ̀wọ̀lọ̀ lẹ́yìn èyí, wo ìnípọn rẹ̀. Ti 0.130 íńṣì máa ń le lọ́wọ́ ju ti 0.125 lọ.