Wọ́n ní bọ́ílà ẹ́ńjìnnì pannier tuntun yìí ga jù: ṣé kí n ṣì rà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti san àsansílẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì pannier tuntun kan tí wọ́n fẹ́ gbé jáde ní N gauge, ìyẹn sáìsì réluwè kékeré tí a ń tò sórí tábìlì, irú èyí tí GWR, iléeṣẹ́ réluwè kan, ń lò láyé àtijọ́ nílùú òyìnbó níbí. Ẹnì kan tó ti rí sáńpù ẹ̀ wá fi calliper, irin ìwọn kékeré, wọ̀n ọ́n, ó ní bọ́ílà ẹ̀, àgbá tí omi ti ń hó, fi ìdajì mìlímítà ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní táyà ẹ̀ kéré, ó ní irin ìdìmú ẹ̀ nípọn, ó tún ní abẹ́ táǹkì ẹ̀ dí pa, ìmọ́lẹ̀ ò gba ibẹ̀ kọjá. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé kí n gba owó mi padà ni? Àti pé, bàbá mi ṣiṣẹ́ ní réluwè Ẹ̀búté Mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ń rò ó pé lọ́jọ́ kan màá kun irú ẹ́ńjìnnì yìí bíi ti Nàìjíríà, ṣé ó lè ṣeé ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè, ẹ má tíì gba owó yín padà. Ẹni tó wọ̀n ọ́n yẹn ò parọ́, ṣùgbọ́n iye tí nǹkan fi yẹ̀ nìkan ò tó láti fi dá ẹ́ńjìnnì lẹ́jọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tú àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí, mò ń nu jíà wọn, mò ń fi decoder, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ, sínú wọn, mò ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà tó bá já, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé kò sí ìkankan nínú wọn tí gbogbo ara ẹ̀ bá ti gidi mu, kò tiẹ̀ lè sí, nǹkan tí ò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ni. Ẹni tó ń ya á lórí pépà gbọ́dọ̀ yááfì nǹkan kan kí òmíràn tó ráyè wọlé. Torí ẹ̀ ni mo fi máa ń bi ara mi tí mo bá ti rí ibi tó yẹ̀ pé, kí ni wọ́n fi ibí yìí rà? Tí wọ́n bá fi ra kó máa rìn dáadáa, mo lè fara mọ́ ọn. Tí wọn ò bá fi ra nǹkan kan, ìyẹn gan an ni mo ń pè ní àléébù.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó tóbi jù hàn yín, tó jẹ́ pé ẹ ti gbà á láti ọjọ́ tí ẹ ti ra irin àkọ́kọ́ láìmọ̀. Ojú irin gidi nílùú òyìnbó fẹ̀ ní mìlímítà 1435. Tí a bá fi 148 pín in, torí 1:148 ni N gauge tibí, ìyẹn ni pé gidi fi ìlọ́po 148 tóbi jù ú lọ, ó yẹ kó jẹ́ 9.7. Mìlímítà 9 péré ni irin tó wà lórí tábìlì yín. Àwọn iléeṣẹ́ Arnold ní Jámánì ni wọ́n gbé sáìsì yìí jáde ní 1962, 1:160 ni tiwọn, 1435 pín sí 160 ò sì jìnnà sí 9 rárá, ó bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì àwọn Bìrìtìkó kéré ju tàwọn Jámánì lọ, torí bíríìjì àti ihò abẹ́ òkè wọn há, motor tó wà láyé ìgbà yẹn ò wọ inú ẹ̀, ni wọ́n bá fẹ ara ọkọ̀ lójú sí 1:148, wọ́n sì fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá wo èyíkéyìí nínú wọn láti iwájú, ṣe ló dà bíi pé ó pa ẹsẹ̀ pọ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn ò gbà á o, ẹgbẹ́ wọn, 2mm Scale Association, ti wà láti 1960, 1:152 ni wọ́n ń lò lórí irin tó fẹ̀ ní 9.42, àmọ́ wọ́n máa ń to irin wọn fúnra wọn ni, wọ́n á sì pààrọ̀ táyà. Èmi ò ní àkókò yẹn, ẹ̀yin náà jọ ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lálẹ́ Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ táyà. Táyà réluwè ní etí kan tó yọ sísàlẹ̀ lápá inú, òun ni kì í jẹ́ kó já kúrò lórí irin. Lára gidi, etí yẹn jìn ní nǹkan bíi mìlímítà 28 sí 30, tí a bá sọ ọ́ di kékeré, kò ju 0.2 lọ. Etí tó jẹ́ 0.2 lórí irin tí a kàn lẹ̀ mọ́ pákó, tí oòrùn ń wú, tí ọmọdé ń fọwọ́ gbá, kò ní dé kọ́nà kejì tí yóò fi ṣubú. Torí náà gbogbo wọn ló ń ṣe é kọjá ìdajì mìlímítà. Àyè tí etí yẹn gbà, ibì kan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mú un. Táyà pannier gidi ga ní mìlímítà 1410, ó yẹ kó jẹ́ 9.5 ní sáìsì tiwa, tí wọ́n bá wá ṣe é ní 9.2, ẹ rántí pé etí yẹn ló jẹ ìyókù, wọ́n fi ra kó má baà máa já. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Bọ́ílà tó ga náà, ibì kan náà lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wá. Etí táyà ń wá àyè lábẹ́, jíà jókòó lé e, motor jókòó lé jíà, òrùlé wá ń sún sókè. Ìdajì mìlímítà yẹn lára gidi jẹ́ mìlímítà 74, ìyẹn ìka mẹ́rin tí ẹ bá tò wọ́n pọ̀. Kò kéré, àmọ́ ohun tí màá fẹ́ mọ̀ ni bóyá bọ́ílà nìkan ló ga, tó jẹ́ pé ṣímínì àti ilé dẹ́rẹ́bà wà láyè wọn, àbí gbogbo ara ọkọ̀ ló jọ gbéra. Tó bá jẹ́ bọ́ílà nìkan, ojú ẹ́ńjìnnì á yí padà, ẹ máa wò ó títí ẹ ò ní mọ ohun tó ṣe é. Tó bá jẹ́ gbogbo ara ẹ̀, ẹ so wágíìnì kan mọ́ ọn kí ẹ wo irin ìkọlù méjèèjì tó wà níwájú àti lẹ́yìn, àárín wọn yẹ kó ga ní bíi mìlímítà 7 sórí irin, tí tẹ́ńjìnnì bá ń wo orí ti wágíìnì, ojú yín ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé. Tí wọ́n bá kojú ara wọn dáadáa, bóyá ni ẹ máa rántí pé ẹnikẹ́ni fi calliper wọn nǹkan kan.

Abẹ́ táǹkì ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní pannier ni pé wọ́n gbé táǹkì omi kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ẹni gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, táǹkì ò kanlẹ̀, àyè wà lábẹ́ ẹ̀, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gidi ẹ máa rí òdìkejì lábẹ́ bọ́ílà. Ìmọ́lẹ̀ yẹn gan an ni pannier. Tí ẹ bá dí i, ó kàn di àpótí tó ní ṣímínì. Kí ni àwọn ayàwòrán máa ń fi dídí ẹ̀ rà? Ìwúwo ni, nǹkan gidi sì ni. Ẹ́ńjìnnì yẹn wúwo tó tọ́ọ̀nù 48, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi 148 pín gígùn, ẹ tún fi pín fífẹ̀, ẹ tún fi pín gíga, ìwúwo máa di ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀, ohun tó kù ò pé gíráàmù 15. Gíráàmù 15 ò lè fa nǹkan gidi, kò sì lè tẹ táyà mọ́ irin kí iná wọlé dáadáa. Nítorí náà wọ́n máa ń wá ibi tí wọ́n lè ki irin sí, abẹ́ táǹkì wà níbẹ̀, wọ́n á sì ki irin síbẹ̀. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ láyé òde òní, motor coreless, èyí tí ò ní irin láàárín wáyà ẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà, ó lè wọ inú ibi iná àti ilé dẹ́rẹ́bà kí iwájú sì ṣófo, torí náà ẹni tó bá ṣì dí i gbọ́dọ̀ fi ohun tó rà hàn mí.

Ọ̀kan wà tí wọ́n gbé wá fún mi lọ́jọ́ sí, mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ni ín fẹ́ decoder nìkan ni. Mo ṣí orí ẹ̀, mo rí i pé irin inú ẹ̀ ti tán kó tó dé abẹ́ bọ́ílà, ibi tó ṣófo yẹn ò ju wóró ìrẹsì méjì lọ, wọ́n wá fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan di ojú ẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n sì kùn ún ní dúdú. Kò gbé ìwúwo kankan, kò di nǹkan kan mú. Mo pe oníǹkan, ó ní kí n gé e. Mo fi abẹ kékeré gé e, mo fi sáńpépà nu etí ẹ̀, mo gbé e síwájú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ẹ́ńjìnnì yẹn sì yí padà lójú mi níbẹ̀. Inú mi dùn, ó sì tún bí mi nínú, torí ẹni tó yà á lórí pépà ló yẹ kó ti ṣe é. Nítorí náà ẹ béèrè fọ́tò inú tiyín, tí orí ẹ̀ wà ní ṣíṣí. Tí ẹ bá rí irin gidi ní abẹ́ táǹkì, wọ́n fi ra ìwúwo, ẹ lè fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ rọ́bà lásán, ó ṣeé gé, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n gbọ́.

Irin ìdìmú ò tó nǹkan tí à ń jà lé lórí. Wáyà tó nípọn ní 0.3 dà bí mìlímítà 44 lára gidi, 0.2 ló sún mọ́ òtítọ́, àmọ́ 0.2 á tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi ìka gbé ọkọ̀, tí ẹ bá sì jókòó jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ojú èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ò tó 0.2.

Ohun tí ẹni tó ní calliper yẹn ò sọ ló ń dùn mí jù, ìyẹn bó ṣe ń gba iná. Láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ò ju mìlímítà 32 lọ. Tó bá dé ibi tí irin ti pínyà, tí wọ́n fi rọ́bà sí àárín ẹ̀, táyà kan tàbí méjì ò ní rí iná, tí èyí tó kù bá wá dọ̀tí díẹ̀, ó dúró nìyẹn, ẹ máa fi ìka tì í. Ẹ béèrè bóyá táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń gba iná. Ẹ béèrè bóyá ti àárín lè lọ sókè sódò díẹ̀ kí gbogbo ẹsẹ̀ lè máa kan irin. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fi òrùka rọ́bà wé táyà kankan, torí òrùka yẹn máa ń jẹ́ kó fa ẹrù púpọ̀ lóòótọ́, àmọ́ táyà tí wọ́n bá fi wé ò gba iná mọ́, lára ọkọ̀ gígùn kò burú, lára èyí tó ní táyà mẹ́fà péré mi ò gbà á. Mo lè gé rọ́bà, mo lè pààrọ̀ wáyà, tí ìkọ́ tí wọ́n fi ń so wágíìnì bá wà nínú ihò NEM, ihò tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti iléeṣẹ́ dé iléeṣẹ́, mo lè yọ ọ́ fi kékeré sí i, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí wọn ò yà kó gba iná dáadáa, owó tí mo máa gbà láti tún un ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ẹ fi rà á.

Ohun kan tún wà. Láàárín 1929 sí 1950, 863 ni wọ́n ṣe nínú pannier yìí, wọn ò sì rí bákan náà. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní fèrèsé roboto níwájú ilé dẹ́rẹ́bà, àwọn tó tẹ̀ lé e ní fèrèsé onígun mẹ́rin. London Transport, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìlú London, pàápàá ra 13, wọ́n kùn wọ́n ní pupa, wọ́n ń fi wọ́n kó ẹrù àtúnṣe títí di 1971. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára èyí tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ wá fọ́tò nọ́ńbà yẹn gan an, kí ẹ wo fèrèsé ẹ̀. Tí fèrèsé ò bá bá nọ́ńbà mu, kò sí motor tó fà á, kò sí jíà tó fà á, wọn ò kàn wádìí ni. Irú ẹ̀ ló lè mú kí n gba owó mi padà, torí ẹni tí ò wádìí fèrèsé, mi ò mọ ohun mìíràn tí ò wádìí.

Ti Nàìjíríà wá kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun pannier yìí. Réluwè tí bàbá yín ṣiṣẹ́ lé lórí, irin ẹ̀ ò ju mìlímítà 1067 lọ, tí a bá fi 148 pín in, ó yẹ kó jẹ́ 7.2, irin yín sì jẹ́ 9, ọkọ̀ yẹn á wá fẹ ẹsẹ̀ jù. Àmọ́ tí ẹ bá fi 120 pín 1067, 8.9 ló máa jẹ́, ìyẹn ni pé irin N gauge tí ẹ ní nílé yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ fún Ìdó àti Ẹ̀búté Mẹ́ta, ara ọkọ̀ nìkan lẹ máa kọ́ ní 1:120. Irin réluwè New Zealand náà 1067 ni, ohun tí àwọn kan níbẹ̀ sì ń ṣe nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ta River class, àwọn ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà tó ní táyà ńlá mẹ́jọ, ní sáìsì yẹn tí mo mọ̀, a máa ní láti kọ́ ọ lórí férémù ọkọ̀ N mìíràn ni. Tí fọ́tò bàbá yín níwájú ẹ́ńjìnnì kan bá wà nílé, ẹ wá nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.