Wárápá tí ẹ̀rọ EEG kò rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àtàǹpàkò òsì àbúrò mi máa ń ṣàdédé gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú kan, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ EEG, tó ń fi wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ka iná ọpọlọ, yẹ orí rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe wárápá ni?

Ìdáhùn: Ó ṣì lè jẹ́ wárápá. Egungun agbárí máa ń dín iná ọpọlọ kù púpọ̀ kó tó dé ojú wáyà. Bí ibi tó ń dá gìrì sílẹ̀ kò bá fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 níbùú àti 3 lóròó, ó lè má hàn rárá. Ibi tó ń darí àtàǹpàkò kò sì tóbi.

Bó bá hàn, ìgbì iná ọpọlọ tó ń lọ ségesège á di ọ̀kan tó ń tẹ̀lé ara wọn létòlétò. Tó bá ti apá ọpọlọ tó wà lẹ́bàá etí wá, ó lè jẹ́ ìgbì 5 sí 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; á máa ga sí i, á sì ràn dé ojú wáyà ìtòsí. Èyí tó bá dúró sójú wáyà kan ṣoṣo, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wáyà náà ló ṣí.

Ẹ béèrè fún EEG onífídíò tó pẹ́, tí yóò ká oorun mọ́ ọn. Kó fọ irun rẹ̀ mọ́, kó má fi ìpara sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.