Ṣé ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ kò lè jẹ́ àṣàmú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ogún oṣù, ṣùgbọ́n "bà" nìkan ló ń wí. Ó ń fi pe bàbá rẹ̀, ó ń fi pe bàtà, ó ń fi pe búrẹ́dì. Ọmọ àbúrò ọkọ mi, tí wọn ò fi oṣù kan ju ara wọn lọ, ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà. Nígbàkúùgbà tí ìyá ọkọ mi bá gbé ọmọ yẹn sórí itan, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á ní, "Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú." Kí ni òwe yìí túmọ̀ sí gan-an? Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ mi ò ní gbọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Rárá o, òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lò ó fún yín ni kò tọ́. Òwe fúnra rẹ̀ kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń dún. Àṣàmú, ṣámúṣámú. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, ìró ọ̀rọ̀ ló fi ń dárà. Ọ̀nà tó yá jù láti tú àṣàmú ni "à-ṣà-mú": ẹni tí a ṣà láàárín ọ̀pọ̀, tí a sì mú, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń ṣa àgbàdo tí yóò fi ṣe irúgbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá yọrí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣámúṣámú ní tirẹ̀ kò ṣeé tú sí wẹ́wẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bíi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ àti fìrìfìrì ni, ìró rẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀ wá. Ó ń fi ẹnu tó yá hàn wá, ẹnu tó mú, tí kì í lọ́ra. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ni òwe ń kà, kí ló dé tí wọn ò kúkú sọ pé "kékeré ló ti ń sọ̀rọ̀"? Ẹ wò ó dáadáa: "sọ̀rọ̀" ò sí níbẹ̀ rárá. Ìwà ọmọ ni wọ́n fi ẹnu ṣàpẹẹrẹ.

Ẹ tún rántí ìgbà tí a máa ń pa á. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìwúyè. Mo ti gbọ́ ọ níbi ayẹyẹ àádọ́ta ọdún, nígbà tí ọ̀rẹ́ olóde dìde tó ní láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọkùnrin yìí ti ń bá tíṣà jiyàn. Mo ti pa á fúnra mi fún ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ata lọ́jà Bódìjà, tí kì í ṣi owó kà. Ẹ̀yìn ni òwe yìí ń wò. Èèyàn á ti di àṣàmú tán, tàbí kó ti fẹ́ dà á, kí a tó rántí pé àmì rẹ̀ ti wà tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé e ka orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn láti fi sọ ohun tí kò ní dà. Òwe ìyìn ni, ṣùgbọ́n bí a bá yí i sí ẹlòmíì tí a kò yìn, èébú ló ń dà, àwa ìyá ọkọ sì mọ bí a ṣe ń yí i. (Mo ní ìyàwó ọmọ méjì. Mo mọ ohun tí mò ń wí.)

Ọ̀rọ̀ òwe tán nìyẹn. Ti ọmọ ló kù, n kò sì ní fi òwe bò ó mọ́lẹ̀ fún yín.

Àwọn ìyá wa ní ohun tí wọ́n ń wò lára ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ẹnu ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Èdè wa tú àṣírí wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní fún iṣẹ́ tí etí ń ṣe àti iṣẹ́ tí òye ń ṣe: gbọ́. A ń gbọ́ ariwo, a sì ń gbọ́ Yorùbá. Ọmọ tí ẹ bá ní kó lọ mú síbí wá, tó rìn tàgétàgé lọ mú un wá láì fọhùn, àgbà á rẹ́rìn-ín, á ní "ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀." Ó ti wọlé sínú èdè nìyẹn, sísọ rẹ̀ ló kù. Ẹ wo adití náà: ẹni tí etí rẹ̀ dí. Àwọn àgbà mọ̀ pé bí etí bá dí láti ìkókó, ẹnu kì í rí ohun tí yóò wí, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò wọlé kò lè jáde.

Nítorí náà, ẹ padà síbi "bà" yẹn. Ṣé ohùn kan náà ló fi ń pe bàbá, bàtà àti búrẹ́dì? Ẹ fetí sí i fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ohùn ọ̀rọ̀ sábà máa ń wá sí ẹnu ọmọ kí kọ́ńsónáǹtì, àwọn bíi b, t àti r, tó pé. Bó bá jẹ́ "bàá" fún bàbá, "bàà" fún bàtà, "báà" fún búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọmọ yín mọ̀ yẹn, kì í ṣe ọ̀kan. Ọmọ ọmọ mi kan wà tí kò lè pe gbígbóná, tí kò lè pe ìbọ̀sẹ̀. "Í-ó-á" ló ń wí fún àkọ́kọ́, "ì-ọ̀-ẹ̀" fún èkejì, kò sì sí ẹni tí kò mọ èyí tó ń bèèrè nínú ilé wa. Àlejò ló ń rò pé ó ń súfèé. Ìyá odi ló ń gbọ́ èdè odi; ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn ìbéèrè yìí.

Ẹ tún bi ara yín: bí nǹkan bá wù ú, ṣé ó máa ń nawọ́ sí i, kó sì bojú wò yín bóyá ẹ ti rí i? Bí ẹ bá ní "dọ̀bálẹ̀ kí Màmá", ṣé ó ń fàyà lélẹ̀? Bí ẹ bá ní "imú rẹ dà?", ṣé ó ń fọwọ́ kàn án? Ṣé ó ń juwọ́ sí ẹni tó ń lọ? Bó bá ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí, ọkàn mi balẹ̀ jù bí ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn aládùúgbò á ti sọ òmíràn fún yín: "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àmọ́ òun gan-an ni òwe tó ń bà mí lẹ́rù ju ti ìyá ọkọ yín lọ. Akólòlò mọ ohun tó fẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, ó kàn há síbẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí sùúrù fi wúlò fún un. Ọmọ tí kò gbọ́ "baba" rí kò sí nínú òwe yẹn. Mo mọ ìyá kan tó fi ọ̀rọ̀ akólòlò yìí tu ara rẹ̀ nínú títí ọmọ fi lé ní ọdún mẹ́ta. Jọ́ńdíìsì ti mú ọmọ náà gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó délé ayé, ojú rẹ̀ pọ́n bí òroǹbó, kò sì sí ẹni tó sọ fún ìyá pé irú jọ́ńdíìsì bẹ́ẹ̀ lè ba etí jẹ́. Etí rẹ̀ ti kú láti ìgbà náà. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń dúró de ẹnu, etí ló ń ṣe é.

Ní ti oṣù mélòó, ìwé àmì ìdàgbàsókè ọmọ tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tún tò ní 2022 ṣe é lọ́nà tó yé mi: ohun tí ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó kéré tán, ti ń ṣe ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní oṣù 18, ọmọ á máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìka màmá àti dàdá. Ní oṣù 24, á máa so méjì pọ̀, bíi "bàbá lọ" tàbí "omi dà". Ní oṣù 30, á ti ní nǹkan bí àádọ́ta ọ̀rọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n tò ó fún, àmọ́ kò burú láti fi wo tiwa. Bí "bà" yìí bá jẹ́ ọ̀kan lóòótọ́, a jẹ́ pé ọmọ yín lọ́ra díẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Ìyẹn ò sọ pé kò gbọ́n. Ó kàn sọ pé ó yẹ ká yẹ etí rẹ̀ wò, ká má sì dúró de ọdún méjì. Ọmọ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, tàbí tí kì í nawọ́ sí nǹkan rárá, òun kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pàápàá.

Ẹ kò jìnnà sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn yín níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun níbẹ̀. Àyẹ̀wò náà kì í dun ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì yẹ etí rẹ̀ wò láti ìgbà tí ẹ ti bí i, torí kì í ṣe gbogbo ilé ìgbẹ̀bí ló ń ṣe é. Lẹ́yìn ọdún 2000, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yẹ etí àwọn ìkókó wò ní Èkó níbi tí àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, nítorí ọmọ tí wọ́n bí sílé pàápàá sábà máa ń dé ibi abẹ́rẹ́.

Wọn yóò tún sọ pé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń pò pọ̀ ló dà á lórí rú, pé kí ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ kó lè mú ọ̀kan. Ẹ má gbà. Èdè méjì kì í di ọmọ lẹ́nu. Bó bá wí "omi" ní Yorùbá, tó wí "báì-báì" ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì ló ní. Ẹ̀rín ló ń pa mí pé Yorùbá ni wọ́n máa ń ní kí a kọ́kọ́ jù nù, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè kejì. Ẹni tó bá sì dábàá pé kí ẹ gbé e lọ gé okùn abẹ́ ahọ́n tàbí bẹ́lubẹ́lu lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ dákun, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ̀jẹ̀ lèyí máa ń dà, kì í mú ọmọ sọ̀rọ̀.

Ó ku ìyá ọkọ yín. Ẹ má bá wọn jiyàn òwe, wọ́n á borí yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n ní iṣẹ́ kan: nígbà tí ọmọ bá jókòó tó ń ṣeré, tí tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, kí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí wọn, kí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ pe oríkì rẹ̀, yálà Àkànní ni o, tàbí Àlàó, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá yíjú padà, inú wọn á dùn ju tiyín lọ. Bí kò bá yíjú, ẹnikẹ́ni ò ní láti sọ fún wọn mọ́. Bó yíjú bí kò yíjú, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, torí etí lè máa mú àwọn ìró kan kó má mú òmíràn, ilé kò sì lè fi ìyẹn hàn yín. Ẹ jẹ́ kí Màmá bá yín lọ. Wọ́n á kúkú pọ̀n ọ́n.