Kí ni ká kọ bí wọ́n bá béèrè ohun tí a fẹ́ lára sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ tó ń bọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọ́fíìsì tó ń ṣe ìkìlọ̀ omíyalé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí wa pé ká sọ ohun tí a fẹ́ lára àwọn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Kò sí ẹnjinía kankan láàárín wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ká ṣáà béèrè àwòrán tó mọ́ jù lọ, kó máa dé ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ṣé ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń béèrè èyí tó dára jù lọ, àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù kì í sì í rí nǹkan fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹnjinía. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ ṣàlàyé. Ìpinnu wo lẹ máa ń ṣe, ta ló sì ń dúró dè é? Ká ní odò kékeré kan máa ń kún láàárín ìṣẹ́jú 60 tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí kíkó àwọn ará etí odò kúrò sì ń gba 40. Ìṣẹ́jú 20 péré ló kù fún yín láti rí òjò náà, kí ó dá yín lójú, kí ẹ sì ké sí aráàlú. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnjinía tó bá kà á yóò mọ̀ fúnra rẹ̀ pé àwòrán tó bá fi ìdajì wákàtí pẹ́ kò wúlò fún yín, bó ti wù kó mọ́ tó.

Pípẹ́ yìí lèèyàn máa ń gbàgbé jù. Kí wọ́n máa ya àwòrán lemọ́lemọ́ ọ̀tọ̀, kí àwòrán náà tètè dé orí kọ̀ǹpútà yín ọ̀tọ̀. Ẹ béèrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín kò bá lè gbé fáìlì ńlá, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ní ètò kan tó mú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn díẹ̀. Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, òṣùwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n ń kọ sínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní OSCAR: èyí tó jẹ́ pé bí dátà kò bá tó o, kò ní láárí, èyí tó jẹ́ pé bó bá kọjá rẹ̀, àfikún kò ṣe yín láǹfààní mọ́, àti èyí tó wà láàárín, níbi tí iṣẹ́ yín yóò ti sún síwájú gan-an láìjẹ́ pé owó rẹ̀ ga jù. Ẹ̀rù òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ máa ń ba àwọn èèyàn, wọ́n rò pé òun nìkan ni wọ́n máa fún àwọn. Ní tèmi, òun ló yẹ kẹ́ ẹ jókòó tì jù, torí bí owó bá dín, òun ni wọ́n fi ń mọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ gé kúrò.

Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fún yín ní gbogbo rẹ̀. Sátẹ́láìtì tó dúró sójú kan lókè ìlà agbedeméjì ayé jìnnà tó nǹkan bíi 36,000 kìlómítà. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára yín, àmọ́ jíjìnnà rẹ̀ kì í jẹ́ kó rí nǹkan kéékèèké dáadáa. Èyí tó ń yí ayé ká láti àríwá sí gúúsù kò ju nǹkan bíi 800 kìlómítà lókè lọ, ó ń rí fínnífínní, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló sábà máa ń kọjá lórí ibì kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í yá. Ọdún 2001 ni EUMETSAT, àjọ tó ń bójú tó sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ Yúróòpù, ti pe àwọn tó ń lo dátà rẹ̀ jọ lórí àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ tó ń jẹ́ Meteosat, ìran kẹta, nígbà tí ti ìran kejì gan-an kò tíì gbéra. Oṣù Kejìlá 2022 ni àkọ́kọ́ nínú ìran kẹta náà tó lọ sókè: àwòrán oníṣẹ́jú 15 di oníṣẹ́jú 10, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ mànàmáná sì kún un. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù yín, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru lọ́dọ̀ yín síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì kó tó dé.